Ihò Omi Abẹ́ Táìsì

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹta

Ó rẹ̀ mí. Láti àárọ̀ ni mo ti ń gun àtẹ̀gùn ilé àkọ́kọ́ nínú ọgbà sáyẹ́ǹsì àti òwò tí à ń kọ́. Èmi ni alábòójútó — ẹni tí wọ́n ń pè tí nǹkan bá bàjẹ́. Ìṣílé ti dé tán. Alága ilé-iṣẹ́ wa tún yọjú. Dán-gbinrin ni mo ń pè é nínú ìwé yìí, torí gbogbo nǹkan ló fẹ́ kó máa dán gbinrin. Ó ní òun ò fẹ́ rí ihò kankan nílẹ̀ lọ́jọ́ tí àlejò bá dé. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Bẹ́ẹ̀ ni sà ni mo fi ń jẹun.

Ọjọ́bọ̀, 6

Àbúrò mi pè. Òun ló máa kọ́kọ́ kó wọlé: yàrá ìwádìí ìsàlẹ̀, níbi tó ti fẹ́ máa tọ́ ọmọ ọ̀gbìn nínú ìgò. Inú ẹ̀ ń dùn bí ọmọdé. Lọ́jọ́ Ajé ló máa kọ̀wé fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣáà ní ó ti tán, àbí?" Mo ní ó ti tán.

Àbámẹ́ta, 8

Mo wọ yàrá Àbúrò. Ilẹ̀ ń dán débi pé mo rí eyín ara mi nínú ẹ̀. Ojoojúmọ́ ló yẹ kí wọ́n máa fi omi fọ ibẹ̀, kí ìdọ̀tí má bàa wọ ìgò. Mo wá ihò tí omi máa gbà jáde — kò sí. Onítáìsì ti lẹ táìsì bo gbogbo wọn! Ó wò mí bíi pé orí mi dàrú. "Màdámù, ẹ̀yin náà lẹ ní ọ̀gá ò fẹ́ rí ihò." Kò parọ́. Èmi ni mo jíṣẹ́ náà, mi ò sì yọ yàrá ìwádìí sílẹ̀.

Mo pe Dán-gbinrin. Ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọ́ táìsì òun. Tí onísáyẹ́ǹsì ò bá lè lo yàrá náà, báǹkì kan ti ń bẹ òun fún un. Ó ní kí n panu mọ́.

Àìkú, 9

Mo gbé fóònù láti pe Àbúrò. Mo tún gbé e sílẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 10

Mo pè é kí n tó bọ́jú. Kò gbé e. Nígbà tó máa fi pè mí padà, ó ti fi ìwé náà sílẹ̀, ọ̀gá iléèwé ti dì mọ́ ọn, wọ́n ti jọ sunkún. Mo kí i kú oríire. Ojú ara mi tì mí.

Ọjọ́rú, 12

Mo sọ ọ́ fún Àbúrò. Ó wá bá mi ká aṣọ nílé, mo ń sọ̀rọ̀, mi ò wo ojú ẹ̀. Kò bú mi — ì bá sàn kó bú mi. Aṣọ kan ṣoṣo ló ń ká, tó ń tú, tó tún ń ká. Ó wá bi mí bóyá páìpù ṣì wà lábẹ́ táìsì náà. Mo ní ó wà. Nígbà tó lọ tán, mi ò rí kọ́kọ́rọ́ yàrá náà lórí tábìlì mọ́. Mi ò béèrè.

Ẹtì, 14

Ìṣílé. Ẹsẹ̀ ò gbèrò. Dán-gbinrin ń mú àlejò kiri yàrá òfìfo, ó ń fọ́nnu. Bí a ṣe sọ̀ kalẹ̀ la gbọ́ gbì, gbì, gbì. Àbúrò wà lórí ìkúnlẹ̀ nínú aṣọ funfun iṣẹ́ ẹ̀, òòlù lọ́wọ́, táìsì fọ́ káàkiri.

"Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin àgbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mò ń wá ibi tí omi máa gbà."

Dán-gbinrin yíjú sí mi. "Ta ló fún ẹni yìí ní kọ́kọ́rọ́?"

"Èmi ni, sà."

Mo bọ́ bàtà, mo mú òòlù onítáìsì lẹ́bàá ògiri, mo kúnlẹ̀ ti àbúrò mi. Nígbà tí ihò là tán, ó da garawa omi kan sílẹ̀. Omi lọ. Ìyá àgbà kan láàárín àwọn tó fowó kọ́lé náà ní, "Yàrá àkọ́kọ́ nìyí tí mo ti rí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀. Ẹ má gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ o." Dán-gbinrin ní bẹ́ẹ̀ ni, mà.

Kí báǹkì lọ wá ibòmíì. Èmi náà á wá ibòmíì: wọ́n ní kí n má wá síṣẹ́ mọ́ láti ọjọ́ Ajé. Mo fẹ́ sùn.