Ọpẹ́ fún Sólà àti fún Ọ̀rọ̀ Tí O Gbé Mì

Ojúlé 14, Ahornweg,
Bottrop, Jámánì.
Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹta, 2020.

Detlef, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Marlies ńkọ́? Àwọn màlúù yín ńkọ́? Ẹ kú òtútù o. Irmgard ní kí n kọ́kọ́ kí ọ dáadáa, torí ìyàwó mi mọ̀ mí, mo lè bẹ̀rẹ̀ àwíjàre.

Àyà rẹ̀ ti fúyẹ́. Láti ìgbà tí o ti hú sítóòfù èédú wa kúrò, tí o fi ọjọ́ mẹ́rin gun òrùlé mi kí o lè to sólà síbẹ̀, ikọ́ tó ń dẹ́rù bà wá ti lọ. Ó ń sùn mọ́jú, ilé sì ń gbóná. Mo dúpẹ́, mo tún ọpẹ́ dá.

Bẹ́ẹ̀, ọdún méjìlá ni mo fi sé ilẹ̀kùn mọ́ ọ. Ṣé o rántí ọjọ́ ìbí Màmá? Mo ní, "Detlef, oníbárà! Ìjọba ló ń bọ́ sólà rẹ. Èédú tèmi, òógùn ojú mi ni!" O kàn rẹ́rìn-ín. Hannelore, àbúrò mi obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ níbi iná núkílíà, ló dá mi lóhùn: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra o! Ta ló ń fowó kún èédú yín kó tó ṣeé tà? Ìdọ̀tí núkílíà tiwa ńkọ́? Ọmọ-ọmọ wa á hewú, ìjọba á ṣì máa náwó ṣọ́ ọ. Ohun tí Detlef gbà ò tíì tó ìdajì tiwa!" Màmá ní ọmú kan náà ni gbogbo wa ń mu. Inú bí mi, mo gbé fìlà mi, mo lọ.

Ìgbà tí ìjọba já èédú lẹ́nu ọmú, kòtò tí a ti ń wa èédú kú. Èédú ọ̀fẹ́ tí wọ́n máa ń dà sẹ́nu ọ̀nà àwa awakùsà náà dópin. Irmgard ló kọ̀wé sí ọ lẹ́yìn mi, o sì wá.

Ṣùgbọ́n ohun kan ń jẹ mí lọ́kàn. Ní 1997, nígbà tí àwa awakùsà fẹsẹ̀ rìn lọ sí Bonn, níbi tí ìjọba wà nígbà náà, owó ìrànwọ́ èédú la lọ bẹ̀bẹ̀ fún. Ìwọ lo gbé búrẹ́dì àti ọbẹ̀ ẹ̀wà gbígbóná wá bá mi lójú títì. Lọ́jọ́ tí mo pè ọ́ ní oníbárà, gbólóhùn kan péré ì bá dójú tì mí níwájú Màmá, o ò sì sọ ọ́. Ìyẹn ni mo ń dúpẹ́ rẹ̀ jù.

Bá mi kí Marlies. Ẹ wá bá wa ṣe Àjíǹde.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tí ojú ń tì, tí inú rẹ̀ sì ń dùn,
Ewald.