Kọ̀ǹpútà Ọ̀gá Wa Ń Sáré

Olóòtú ètò wa lórí rédíò, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ohun tí ẹ̀rù ń bà mí láti sọ nìyí: wọ́n ti lé mi níbi iṣẹ́, ọkọ mi ò sì tíì gbọ́. Láràárọ̀ ni mo ṣì ń gbé ọmọ lọ fún ìyá ọkọ mi ní Bẹẹrẹ, bí ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́.

Wọ́n ní mo máa ń pẹ́ dé. Irọ́ gbuu! Aago tí ẹ bá kéde ni mo ń yí aago ọwọ́ mi sí. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà la ń tẹ orúkọ wa sí tí a bá dé, òun ló ń kọ àsìkò. Ara ti ọ̀gá ni wọ́n fi wáyà so gbogbo kọ̀ǹpútà tó kù mọ́, aago tirẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ lé, tirẹ̀ sì ń sáré.

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi aago rédíò yí i."

Ó ní, "Ìyá ọmọ, ṣé gbogbo kọ̀ǹpútà ló jọ ń parọ́, ìwọ nìkan lo wá ń sòótọ́?"

Ẹyọ kan ló ń parọ́, àwọn tó kù ń gbè é lẹ́sẹ̀ ni!

Ṣé kí n padà lọ kò ọ̀gá lójú, àbí kí n kọ́kọ́ sọ fún ọkọ mi? Àwọn méjèèjì ló ń gbọ́ ètò yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn.

Èmi ni Ìyá Ọmọ, Òkè Padre.