Ìwé Àṣẹ Tí Mo Fún Adébísọ́lá

Ọjọ́ Ajé, 4 Mááṣì 1957
Mo dé láti Jọ́ọ̀sì. Ẹrù ṣì wà nílẹ̀ nílé Ìyá ní Agége, n kò tíì tú u. Ilẹ̀ mi lẹ́bàá rélùwéè ní Ìkẹjà ni mo kọ́kọ́ lọ wò — ilẹ̀ tí mo fi aṣọ títà rà, kì í ṣe ogún ẹnikẹ́ni. Ògiri ni mo bá níbẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń po sìmẹ́ńtì sọ pé ilé-iṣẹ́ ọṣẹ Alhaji Sàláwù ni àwọn ń kọ́. Ta ló tà á? Ó ní àbúrò onílẹ̀ ni, ọ̀gbẹ́ni kan tó máa ń de táì.

Adébísọ́lá. Láti òní lọ, Aláṣẹ ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé yìí, nítorí ìwé àṣẹ tí mo fún un nígbà tí mo ń bá ọkọ mi lọ sí Òkè Ọya, pé kó máa bá mi mójú tó ilẹ̀. Ó mójú tó o. Ó mójú tó o títí ilẹ̀ fi lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5 Mááṣì
Aláṣẹ wá. Táì pupa, nínú oòrùn Agége. Ó dọ̀bálẹ̀ ní ìdajì kí ṣòkòtò má baà rún. Ó ní ayé ti ń lajú ní Ìkẹjà, pé ilẹ̀ tí kò sí ilé-iṣẹ́ lórí rẹ̀, igbó lásán ni. Ohun tó gbà lórí rẹ̀ ńkọ́? Ó ti fi ra lọ́rì. Lọ́rì ti kú sí Dópẹ̀mú. Ẹni tí kò lè gun kẹ̀kẹ́ tààrà! Ìyá ń ṣa ẹ̀wà. Wọn ò gbé ojú kúrò nínú àwo.

Ọjọ́ Ẹtì, 8 Mááṣì
Lọ́yà Adégbénró ka ìwé àṣẹ náà. Kí ó ṣọ́ ilẹ̀, kí ó fi í háyà fún àwọn tó ń dáko — kò sí “tà” níbẹ̀. Ẹni tí a ní kó bá ni so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀, a ò ní kó pa á jẹ.

Ó ní kí n kọ ìwé fagi lé àṣẹ náà, kí Aláṣẹ àti Alhaji gba ẹ̀dà. Lẹ́yìn náà, kí a pe àwọn méjèèjì lẹ́jọ́: kí kóòtù dá ilé kíkọ́ dúró, kó sọ pé títà náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀, kí Aláṣẹ sì wá jíhìn gbogbo ohun tó fi orúkọ mi ṣe. Ewu kan ṣoṣo ló wà: bí wọ́n bá rí ẹlẹ́rìí pé mo fi ẹnu gbà. Mo rẹ́rìn-ín. Ta ni yóò jẹ́rìí bẹ́ẹ̀?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12 Mááṣì
Mo fọwọ́ sí ìwé ìfagilé. Bí ẹni gbálẹ̀ ilé.

Ọjọ́bọ̀, 28 Mááṣì
Kóòtù ti dá wọn dúró. Àwọn bíríkìlà kó irinṣẹ́ wọn lọ. Alhaji fúnra rẹ̀ wá bá mi, ó ní òun kò ra ẹrù olè. “Ẹlẹ́rìí wà níbẹ̀. Ìyá tó bí yín ni. Wọ́n ní ẹ ti gbà.”

Ọjọ́ Àìkú, 31 Mááṣì
Mo bi Ìyá. Wọn ò sẹ́. “Ìwọ ní ọkọ, o ní ṣọ́ọ̀bù. Kí ni òun ní?” Mo ní ó ní táì.

Mo kó ẹrù mi lọ sọ́dọ̀ Láídé, ọ̀rẹ́ mi, ní Ọ̀gbà.

Ọjọ́ Ajé, 20 Méè
Ìgbẹ́jọ́. Lọ́yà bi mí bóyá kí òun rọra ṣe pẹ̀lú Ìyá. Mo ní kó bi wọ́n bó ṣe ń bi ẹlẹ́rìí yòókù.

Ìyá búra. Lọ́yà bi wọ́n pé ǹjẹ́ wọ́n fi etí ara wọn gbọ́ ọ lẹ́nu mi pé kí wọ́n ta ilẹ̀ náà. Ìyá wo Aláṣẹ. Wọ́n wò mí.

“Kò sọ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo sọ ọ́. Ilẹ̀ ọmọ mi kan ni mo fẹ́ fi gba ìkejì là.”

Ẹjọ́ tán. Títà náà kò dúró, tèmi ni ilẹ̀, kí Alhaji lọ bá Aláṣẹ gba ohun tó san. Aláṣẹ gba ẹ̀yìn kóòtù sá lọ, ó fi Ìyá sílẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Akíkanjú ọkùnrin.

Mo na ọwọ́ sí Ìyá. Wọ́n ní, “O ti gbà á. Máa lọ.” Wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn láti Ìkẹjà dé Agége. Mo ń tẹ̀ lé wọn lókèèrè títí wọ́n fi wọlé. Wọ́n rí mi. Wọ́n ti ilẹ̀kùn.