Ìdí Tí Mo Fi Ń Dá Ọkọ̀ Dúró Lójú Ọ̀nà Igbó Erin

Ìyá mi àtàtà ní Òkukù, ẹ kú ilé o. Ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú ìtọ́jú Bàbá. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Tamale, ní ilẹ̀ Gánà. Mo kí Bàbá mi, mo kí Bọ̀dá Láṣùn àti ìyàwó wọn, mo kí Ìyá Àgbà ní Ìgbàyè. Mo fẹ́ kí àwọn oníwèé ìròyìn tẹ lẹ́tà yìí jáde, torí ẹlòmíràn lè wà tó fẹ́ kó àwọn àgbà rìnrìn-àjò, kó rí nǹkan mú níbẹ̀.

Ohun tí mo rí láàárọ̀ òní nìyí. Mo rí erin mẹ́rin nínú adágún omi, ọ̀kan nínú wọn ń da omi sẹ́yìn ara rẹ̀ bí ẹni ń wẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Mo rí ìmàdò tó fi eékún iwájú kúnlẹ̀ jẹ koríko, tí Bàbá Òkukù, ọ̀kan nínú àwọn àgbà ilẹ̀ wa níbí, ní ẹranko ibí yìí mà lẹ́kọ̀ọ́ ju àwọn ọmọ-ọmọ àwọn lọ. Mo rí ọ̀bọ kan tó já ẹ̀kọ gbà lọ́wọ́ Alhaja, tó jókòó sórí ọkọ̀, tó fara balẹ̀ ń tú ewé rẹ̀. Mo rí Ìyá Inísà lórí àga, ìgò omi wà lẹ́sẹ̀ wọn, wọ́n fi ọwọ́ bo ẹnu, omijé ń bọ́ lójú wọn. Nítorí Ìyá Inísà ni mo ṣe ń kọ ìwé yìí.

Ẹ mọ Alhaja ọ̀gá mi, tí mo ń bá ta aṣọ. Àwọn àgbà ilẹ̀ wa tó wà níbí, láti Ìkìrun, Inísà àti Òkukù, ń ṣèpàdé nílé wọn lọ́jọ́ Àìkú. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń gbé ìlú yìí. Wọ́n ti ta ọjà yí gbogbo abúlé tó wà lójú ọ̀nà ọgbà ẹranko Mole ká, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó yà wo erin rí nínú wọn. Ọjà ni wọ́n ń bá lọ. Nígbà tí wọ́n wá ní àwọn fẹ́ rí erin kí ọjọ́ tó lọ, Alhaja ní èmi ni kí n ṣètò rẹ̀. Wọ́n ní ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ ló máa ń ríran.

Mo wá ọkọ̀ tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kò ga, mo tún gbé àpótí kan sí i tí wọ́n á máa fi gùn ún. Mo bi olúkúlùkù léèrè oògùn tó ń lò. Ìjókòó iwájú ló dá ìjà sílẹ̀. Bàbá Òkukù ní àwọn ni ẹsẹ̀ ń dùn jù. Bàbá Ìkìrun dá wọn lóhùn pé ará Òkukù kan ò lè dé Òṣogbo láìkọjá lọ́dọ̀ àwọn, nítorí náà àwọn ló ni iwájú.

Ìyá Inísà nìkan ló ní àwọn ò lọ. Wọ́n kọ́kọ́ ní orúnkún ni. Nígbà tó yá, wọ́n ní ta ni yóò fún adìẹ àwọn lóúnjẹ. Lẹ́yìn náà wọ́n ní erin ò ránṣẹ́ pe àwọn. Bẹ́ẹ̀ àwọn gan-an ló dá ọ̀rọ̀ erin sílẹ̀. Ilé ọdẹ ni wọ́n bí wọn sí; ìtàn erin ni bàbá wọn fi tọ́ wọn dàgbà, wọn ò sì fojú kàn án rí.

Mo ń wò wọ́n. Nígbà tí a lọ síbi ìkómọ kan ní Savelugu, ìlú kan nítòsí Tamale, mo rí i pé láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni wọn ò ti mu omi. Wọ́n kàn ń fi omi ra ètè ni. Bí a ṣe dé, orí fọ́ wọn, wọn ò lè dìde. Ó wá yé mi. Àgbà tó tó báyẹn ò lè ní kí dírẹ́bà tó jẹ́ ẹgbẹ́ ọmọ-ọmọ òun dúró kí òun tọ̀. Ọ̀nà Mole jìn, ọyẹ́ sì mú. Bí wọ́n bá lọ láìmu omi, wọ́n lè dákú sọ́nà. Bí wọn ò bá lọ, wọn ò ní rí erin mọ́ láyé wọn. Èmi náà ò sì ní ẹnu tí mo máa fi dárúkọ ìtọ̀ níwájú wọn.

Ẹ̀yin ni mo rántí, Ìyá mi. Ẹ rántí bí a ṣe ń gbé ata láti Òkukù lọ sí Ìkìrun lọ́jọ́ ọjà. Bí ọkọ̀ bá ti fẹ́ dé Inísà, ẹ ó ní kí dírẹ́bà dúró, ọmọ yín fẹ́ tọ̀. Bẹ́ẹ̀ mi ò fẹ́ tọ̀ rárá. Àwọn ọmọ inú ọkọ̀ sọ mí ní Atọ̀ọ́lé, inú mi a sì máa bàjẹ́. Àmọ́ bí mo bá ti sọ̀kalẹ̀, àwọn ìyá àgbà á máa sọ̀kalẹ̀ tẹ̀lé mi lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á ní àwọn kàn fẹ́ na ẹsẹ̀ ni. Torí wọn ni ẹ ṣe ń dárúkọ mi. Ẹ ò sọ fún mi, ẹ ò sì jẹ́ kí ó hàn sí wọn. Tamale níbí ni mo ti wá mọ irú ènìyàn tí ẹ jẹ́.

Mo lọ bá Ìyá Inísà. Mo ní ọ̀ràn kan ń dà mí láàmú: bí ọkọ̀ bá ń gbọ̀n, mi ò lè mú ìtọ̀ mọ́ra, ojú ń tì mí láti dá sọ̀kalẹ̀, ẹ̀rù ejò sì ń bà mí. Ṣé wọ́n lè máa bá mi lọ, kí wọ́n dúró tì mí? Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní kò burú, ọmọdé kì í dá wọ igbó. Wọ́n ní kí n bá àwọn ra omi.

Èmi tí tíṣà máa ń ní kí n gbóhùn sókè, èmi ni mo dìde láàárín ọkọ̀ lónìí: "Ẹ̀gbọ́n dírẹ́bà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró, mo fẹ́ tọ̀." Kò pẹ́, mo tún dìde. Dírẹ́bà bi mí pé ṣé agbè tó ń jò ni mí ni. Bàbá Òkukù ní ó jọ pé odò Ọ̀tìn ni mo gbé mì kí n tó kúrò nílé. Wọ́n ń fi mí ṣẹ̀sín, wọ́n sì ń sọ̀kalẹ̀. Bàbá Òkukù gan-an ló máa ń kọ́kọ́ dé ẹ̀yìn igi. Ìyá Inísà mu omi wọn dáadáa. Nígbà tí wọ́n rí erin, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló jáde lẹ́nu wọn: "Bàbá mi ò parọ́."

Nígbà tí à ń bọ̀, oorun gbé mi lọ. Ohùn Ìyá Inísà ló jí mi: "Dírẹ́bà, dúró, ọmọ mi fẹ́ tọ̀." A jọ wọ inú igbó. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n bi mí pé ta ló kọ́ mi. Mo ní ìyá mi ni, nínú ọkọ̀ ọjà. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní bí mo bá ń kọ̀wé sílé, kí n bá àwọn kí yín dáadáa.

Nítorí náà, Ìyá Inísà kí yín o, wọ́n sì dúpẹ́. Ọjà ń lọ díẹ̀díẹ̀. Àárò yín ń sọ mí, pàápàá tí ilé bá dá. Nǹkan díẹ̀ tí mo fi ránṣẹ́, ẹ fi ra aṣọ òtútù fún Bàbá. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ ò ní wọ ọkọ̀ tí kò ní sí ẹni tó máa bá yín dá a dúró. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, tọmọdé tàgbà. Aago mẹ́sàn-án ku díẹ̀, mo ti fẹ̀yìn lélẹ̀.

Èmi ni ọmọ yín,
Ràfátù, Atọ̀ọ́lé inú ọkọ̀ Ìkìrun.