Ta Ni Màá Fi Orogún Lé Lọ́wọ́?

Ọmọ mi ọ̀wọ́n, ọmọ Agùntáṣọọ́lò,

Mo kí ọ tọkàntọkàn. Mo gbà á ládùúrà pé kí ìwé yìí bá ọ nínú àlàáfíà, kí o ti máa rí oorun sùn, kí oúnjẹ sì ti máa lọ lẹ́nu rẹ. Ní tèmi, ara le, bí a bá yọ ti orúnkún kúrò. Ọkàn ni kò le. Mo mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí o má fẹ́ rí ìwé kankan láti ọ̀dọ̀ mi. Jọ̀wọ́, má ì tíì ya á. Kà á tán ná. Lẹ́yìn náà, bí o bá ṣì fẹ́ bínú, kí o wá fi gbogbo ara bínú.

Níbi tí a ti sin bàbá rẹ, mo nawọ́ sí ọ, o gbójú kúrò. Kí ilẹ̀ tó gbẹ, o ti padà sí ìdí iṣẹ́ rẹ lókè òkun. Nọ́ọ̀sì àgbà tó tọ́jú rẹ̀ nílé ìwòsàn wá sọ fún mi pé òun ló sọ ọ́ fún ọ: pé èmi ni mo sọ̀rọ̀ kan sí bàbá rẹ létí tó fi jọ̀wọ́ ara rẹ̀, nígbà tó ku ọjọ́ méjì péré kí o dé. Òótọ́ ló sọ, kò parọ́ mọ́ mi. Ṣùgbọ́n òun kò mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́, ìwọ náà kò sì lè mọ̀ ọ́n, torí pé bàbá rẹ kì í gbé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ wọlé. Ìdí tí mo fi jókòó kọ ìwé yìí nìyẹn.

O mọ Orogún. Ìyá rẹ, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un, ló sọ ọkọ̀ òfuurufú wa lórúkọ bẹ́ẹ̀. Ó ní òun ò rí irú ọkùnrin tó ń fi aya sílẹ̀ lọ tọ́jú irin lójú ọ̀run rí. Ṣùgbọ́n kékeré lo wà nígbà náà, jẹ́ kí n tún un sọ. Ọkọ̀ náà kò ní awakọ̀, kò sì ń mu epo. Apá rẹ̀ gùn, ó tún fẹ́lẹ́, ó kàn ń yí po lókè réré, ní ibi tí ìkùukùu kò dé. Agbára tí àwọn àwo ńlá inú pápá wa ń tì sí i lábẹ́ apá láti ilẹ̀ lóúnjẹ rẹ̀. Irú agbára tó ń mú ọbẹ̀ gbóná nínú máíkírówéèfù ilé ìdáná ni. Ọkọ̀ náà ló wá ń gba ọ̀rọ̀ fóònù lọ́wọ́ ìlú kan, tó ń jù ú sí òmíràn, bíi sátẹ́láìtì, àfi pé tiwa sún mọ́lé. Bí agbára náà bá yẹ̀ kúrò lábẹ́ rẹ̀, bátìrì inú rẹ̀ kò lè gbé e pẹ́, á já bọ́. Kọ̀ǹpútà ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n àṣẹ ni pé ọwọ́ èèyàn gbọdọ̀ wà lórí ọ̀pá ìdarí inú yàrá iṣẹ́ wa nílẹ̀ tọ̀sán tòru, torí pé ìjì kì í bá kọ̀ǹpútà ṣàdéhùn.

Àga kan ṣoṣo ló wà nídìí ọ̀pá náà, èmi àti bàbá rẹ la jọ ń jẹ ẹ́ ní àjẹpín láti ìgbà tí irun orí wa ti dúdú. Ìwọ náà mọ bí bàbá rẹ ṣe ga tó. Bí mo bá dé, màá bá àga lókè téńté bí àga ẹni tó ń kun àjà ilé, màá sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Bí òun bá dé, á bá a nílẹ̀, á gbé e sókè, á ní, “Kúkúrú, ṣé ẹní lo tẹ́ síbí ni?” Èmi á ní kó lọ bẹ Ọlọ́run kó gé e sí méjì, kí n mú ìdajì. Lójoojúmọ́ ayé ni. A ò fìgbà kan bẹ ara wa lórí àga yẹn.

Ohun kan wà tí a kì í fi ṣeré. Níbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, lọ́jọ́ kan, bàbá rẹ rò pé mo ti gba ọ̀pá, èmi rò pé ó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ń wọ bàtà ilé, èmi ń tú ẹ̀wù òjò. Ìgbà tí aago ìkìlọ̀ fi máa ké, Orogún ti ń sọ̀kalẹ̀, fóònù ti kú káàkiri, agbẹ̀bí kan tó ń béèrè ìmọ̀ràn lọ́wọ́ dọ́kítà sì dá dúró sórí aláboyún. Ọlọ́run ló yọ wá, ìyá àti ọmọ yè. Láti ọjọ́ náà la ti bá ara wa ṣàdéhùn. Ẹni tó ń lọ kò gbọdọ̀ gbọ́wọ́ kúrò, bó ti wù kó rẹ̀ ẹ́ tó, títí ẹni tó dé á fi gbé ọwọ́ lé ọwọ́ rẹ̀. Ẹni tó ń lọ á ní, “Mo fi í lé ọ lọ́wọ́.” Ẹni tó dé á dáhùn pé, “Ó ti wà lọ́wọ́ mi, máa lọ sílé.” Bí a bá ń bá ara wa jà, a máa ń sọ ọ́. Ọjọ́ tí ìyá rẹ kú, bàbá rẹ kò lè lanu, síbẹ̀ ó sọ ọ́.

Ọjọ́ tí àìsàn yìí bá a, ọ̀sán ni, ojú ọjọ́ sì dára. Mo wọlé láti gbà á, mo ti ń wá ọ̀rọ̀ tí màá fi bú àga. Mo rí i tí ẹnu rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí ó ń yọ̀ kúrò lórí ìjókòó díẹ̀díẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ṣì di ọ̀pá mú. Mo pariwo. Àwọn ẹ̀ṣọ́ sáré wọlé, àwọn méjì ni wọ́n já ìka rẹ̀ kúrò lára irin náà kí wọ́n tó lè gbé e. Èmi wá di ọ̀pá mú. Ọmọ mi, wọ́n gbé ọ̀rẹ́ mi kọjá níwájú mi, mi ò sì lè dìde. Mo ń wo ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ kan tó ti bọ́ sílẹ̀. Nínú gbogbo wàhálà yẹn, kò sẹ́ni tó rántí ọ̀rọ̀ wa. Òun kò fi í lé mi lọ́wọ́, èmi kò sì dá a lóhùn.

Ìrọ̀lẹ́ ni ọ̀gá tó rán ẹni wá gba ọ̀pá lọ́wọ́ mi, mo sì sáré dé ilé ìwòsàn. Ẹ̀gbà ti mú un lápá òsì, ọ̀rọ̀ kò já geere lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ di irin ẹ̀gbẹ́ ibùsùn mú gírígírí, ojú rẹ̀ là sílẹ̀ kedere. Nọ́ọ̀sì àgbà ní, “Bàbá, ẹ bá wa bẹ̀ wọ́n, wọn ò fẹ́ sùn. A fún wọn lóògùn, bí wọ́n bá tòògbé, wọ́n á tún ta gìrì, wọ́n á tún di irin mú.” Kí obìnrin náà tó sọ tán ni mo ti mọ̀. Ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Lójú tirẹ̀, Orogún ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo la ẹnu láti sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Dọ́kítà ló fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀ kọjá ààlà, pé bí ẹni tó fi agídí di ayé mú ló rí, bó bá sì lè jọ̀wọ́ ara rẹ̀ báyìí, kò dá òun lójú pé ó máa jí. Ibẹ̀ la wà tí o fi pè. Mo gbé fóònù sí i létí, o ń pè é ní Dádì, Dádì, omi sì ń ṣàn lójú rẹ̀. Nígbà tí mo gba fóònù padà, o ní, “Bàbá Kúkúrú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dì wọ́n mú. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n lọ kí n tó dé.” Mo ní màá dì í mú. Mo ṣèlérí fún ọ, mi ò gbàgbé.

Mo sì dì í mú, ọmọ mi. Ohun tí mo fẹ́ kí o mọ̀ nìyẹn. Lójoojúmọ́ tí mo bá kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mò ń lọ jókòó. Mo mọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó ń dúró dè, mo sì pa ẹnu mọ́. Mo ń sọ ti òjò, mo ń sọ ti bọ́ọ̀lù, mo ń bú ọ̀gá wa tuntun. O ní àwọn òṣìṣẹ́ pápákọ̀ òfuurufú ti daṣẹ́ sílẹ̀, pé ó di ọ̀la. Ọ̀la dé, ó tún di ọ̀la. Bí o bá ti pè báyìí, ohùn rẹ á gba inú Orogún kọjá kó tó dé etí rẹ̀. Mo rò pé ìyẹn gan-an ló tún ń jẹ́ kó di irin náà mú, kí ohùn ọmọ rẹ̀ má bàa já.

Ọwọ́ rẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í bó. Nọ́ọ̀sì fi báńdéèjì wé irin, kò yí nǹkan kan padà. Ojú rẹ̀ pọ́n, ètè rẹ̀ gbẹ, ó ń gbọ̀n bí ẹni tó ru ẹrù tí kò rẹ́ni sọ̀ ọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó yí ojú sí mi. Irú ojú tó máa ń fi wò mí nígbà tí mo bá pẹ́ dé ibi iṣẹ́ ni: kì í ṣe ìbínú, ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni. Ètè rẹ̀ ń mì. Ó tó ìgbà mẹ́ta kí n tó gbọ́ ọ. “Mo fi í… mo fi í lé…” Áà! Ọmọ mi, kí lò bá ṣe?

Mo gbé ọwọ́ mi lé ọwọ́ rẹ̀. Mo ní, “Agùntáṣọọ́lò, ó ti wà lọ́wọ́ mi. Máa lọ sílé.” Ó mí kanlẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ tú lábẹ́ tèmi, ìka kan tẹ̀lé òmíràn. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í han-an-run, ìhan-an-run tí ìyá rẹ fi ń fẹjọ́ rẹ̀ sùn mí, nọ́ọ̀sì àgbà sì rẹ́rìn-ín. Ó sùn báyìí dọ́jọ́ kejì, kò yí ara padà. Ọ̀sán ló dákẹ́, láì jí.

Mi ò ní tan ọ́. Mo ba àdéhùn èmi àti ìwọ jẹ́, ó sì ń dùn mí wọ eegun, torí mo mọ ohun tí mo gbà lọ́wọ́ rẹ. Ojú rẹ ní ẹ̀gbẹ́ sàréè kì í kúrò lójú mi. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tún gbé e padà sórí ibùsùn yẹn lónìí, tó tún wò mí bẹ́ẹ̀, màá tún dá a lóhùn ni. Kò sí ẹlòmíràn láyé tó lè dá a lóhùn, àní ìwọ pàápàá. Èmi ni mo pẹ́ dé láti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìròyìn kan ṣẹ́ kù, ìwọ náà á sì ti gbọ́ ọ níbi iṣẹ́ yín. Sátẹ́láìtì tí ilé iṣẹ́ yín gbé sójú ọ̀run ti gba gbogbo fóònù ìhà ibí. Ọ̀gá ní kí a sọ Orogún kalẹ̀ ní ìparí oṣù tó ń bọ̀. A óò máa dín agbára náà kù díẹ̀díẹ̀, òun náà á máa yí bọ̀ nílẹ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn náà wọ́n á tú àwọn àwo ká. Èmi ni wọ́n ní kí n mú un sọ̀kalẹ̀. Kí o má rò pé bàbá rẹ bínú sí iṣẹ́ rẹ o. Gbogbo ẹni tó bá yà wá nílé iṣẹ́ ló ń sọ fún pé, “Ọmọ mi ló máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Orogún,” á sì máa fẹ̀ bí ẹni tó joyè.

Mo ti ń rò ó láti ọjọ́ tí wọ́n ti sọ fún mi. Bí ọkọ̀ náà bá fẹsẹ̀ kanlẹ̀, ta ni màá fi í lé lọ́wọ́? Kò sẹ́ni tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi. Mo bẹ̀ ọ́, wá. Bí o kò bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ mìíràn, má bá mi sọ ọ́. Ṣáà wá dúró tì mí nídìí ọ̀pá yẹn, kí o gbé ọwọ́ rẹ lé tèmi, kí o sì dá mi lóhùn. Ó ti rẹ èmi náà, ọmọ mi.

Kí Ọlọ́run fi ọwọ́ ìtùnú nù ọ́ lójú. Kí ó máa ṣọ́ ọ lọ, kó máa ṣọ́ ọ bọ̀. Ibi tí bàbá rẹ bá iṣẹ́ dé, kí ìwọ kọjá rẹ̀ nínú ayọ̀, kí o má sì ṣe ṣe iṣẹ́ tí o kò ní rẹ́ni gbà á lọ́wọ́ rẹ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ bàbá rẹ, tó gba ọ̀pá lọ́wọ́ rẹ̀,
Bàbá Kúkúrú.

Mo gbàgbé: Bí o bá wọ yàrá iṣẹ́ wa, má fi mí rẹ́rìn-ín. Bó ṣe gbé àga náà sókè lọ́jọ́ yẹn ló ṣì wà. Mi ò tíì lè sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Bí mo bá jókòó sórí rẹ̀, ẹsẹ̀ mi kì í kan ilẹ̀.