Imú Tí Mo Ṣe fún Ìbaaka

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin, oṣù Ẹrẹ́nà

Irọ́ ni. Mi ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ìjọba. Ohun tí wọ́n ń sọ káàkiri àfonífojì yìí, pé Denzil ta àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, pé ọkùnrin ìjọba tó wá yẹ kùsà èédú wa wò ki àpò ìwé kan bọ̀ mí lọ́wọ́ — irọ́ ni látòkè délẹ̀. Ọkùnrin náà bi mí bóyá irin tó ń gbé òrùlé kùsà dúró pé. Mo ní kò pé. Mo fi ibi tí òkúta ti ń já hàn án. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ti kùsà pa, gbogbo ọkùnrin wá jókòó sílé. Ká ní òrùlé yẹn ti wó lu ẹnì kan ni, olóòótọ́ ni wọn ì bá máa pè mí. Kò wó. Mo wá di ọ̀dàlẹ̀. Wọ́n tiẹ̀ ti fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára àpótí lẹ́tà wa.

Mo kọ òótọ́ rẹ̀ síbí kó lè wà níbì kan.

Àwọn tó ṣì wà lẹ́yìn mi: Màmá Àgbà, tó tọ́ mi dàgbà. Bàbá Estill, àbúrò wọn. Coy Napier kò sí níbẹ̀ mọ́. Bẹ́ǹṣì kan náà la jọ jókòó sí nílé-ìwé, ọjọ́ kan náà la jọ wọ kùsà.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Ọjọ́ ẹ̀rọ. Kíndìnrín Màmá Àgbà méjèèjì ti kú. Lọ́jọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti ọjọ́ Ẹtì, wọ́n gbọ́dọ̀ dé ìlú kí ẹ̀rọ lè fọ ẹ̀jẹ̀ wọn. Tẹ́lẹ̀, àwọn aládùúgbò ń gbà wá ṣe, olúkúlùkù ní ọjọ́ tirẹ̀. Ó ti di èmi nìkan báyìí — èmi àti Ìbaaka, ọkọ̀ akẹ́rù tí bàbá mi àgbà fi sílẹ̀.

Ìbaaka ń kú lọ. Àpótí tó fi ń mí ti là sí méjì. Ooru àti eruku abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ló ń fà símú. Lórí òkè Pilgrim lónìí, ṣe ló ń wúkọ́ bíi Bàbá Estill. Ọkọ̀ tó kó gẹdú lẹ̀ mọ́ wa nídìí, ó ń fọn fèrè. Màmá Àgbà na ọwọ́ síta, wọ́n ń juwọ́ sí i bí ọbabìnrin. Wọ́n ní, "Jẹ́ kó máa fọn ún. Bóyá orin kan ṣoṣo tó mọ̀ nìyẹn."

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

À ń ti ìlú bọ̀, mo yà ní ṣọ́ọ̀bù Verna tó wà lódìkejì odò. Àpótí atẹ́gùn irú ti Ìbaaka wà lórí pẹpẹ. Mo fi ojú mi rí i. Verna ní wọ́n ti rà á. Mo ní ta ló rà á. Ó ní ẹni tí kò ta ará ilé rẹ̀.

Mẹkáníìkì kan ṣoṣo tó wà nítòsí, ẹ̀gbọ́n Coy ni. Mi ò débẹ̀.

Èmi fúnra mi ni màá ṣe é.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Ọwọ́ mi bó. Inú mi dùn.

Ọ̀rọ̀ náà kò le. Atẹ́gùn tútù ki ju gbígbóná lọ. Bí ẹ́ńjìnì bá rí i fà, iná inú rẹ̀ á jó dáadáa. Abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì gbóná bí ààrò, nítorí náà imú gbọ́dọ̀ jáde kúrò níbẹ̀. Mo yọ páìpù dúdú tó ń gbé omi ìdọ̀tí jáde lẹ́yìn ilé ìdáná àtijọ́, mo fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ títí òórùn fi tán. Asẹ́ rẹ̀, lára òkú ọkọ̀ tó wà lóko Bàbá Estill ni mo ti rí i, asẹ́ tó rí ṣóńṣó bíi fìlà ọmọdé. Adìẹ ti ń yé sínú ọkọ̀ náà. Àkùkọ kan lé mi dé ẹnu ọ̀nà. Mo gé rọ́bà rédíétọ̀ fi so páìpù mọ́ ọ̀nà ọ̀fun ẹ́ńjìnì, mo fi kílíìpù dì í. Mo wá fi òòlù àti irin gbẹ́ ihò sára páànù tó wà lókè taya, mo gba ibẹ̀ tẹ́ páìpù sísàlẹ̀ títí dé ẹ̀yìn bọ́ńpà, níbi tí afẹ́fẹ́ ojú ọ̀nà ti ń fẹ́ sí i tààrà. Asẹ́ wà lẹ́nu rẹ̀ nísàlẹ̀.

Ó ku ohun tí màá fi dínà ooru. Màmá Àgbà ń wò mí láti ojú fèrèsé. Wọ́n gbé àwo páànù pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń yan búrẹ́dì jáde, àwo tó ti wà kí wọ́n tó bí ìyá mi. Mo ní rárá. Wọ́n ní kí n gbà á, àwọn kò tún ní yan nǹkan kan mọ́.

Mi ò fẹ́ràn bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Mo tẹ̀ ẹ́, mo fi dí àárín ẹ́ńjìnì àti páìpù. Ó bá ibẹ̀ mu wẹ́kú.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Bàbá Estill dé lẹ́yìn ìsìn, wọ́n ń wọ́ ìgò atẹ́gùn wọn tẹ̀lé ara wọn bí ẹni ń fa ajá. Eruku èédú ti jẹ ẹ̀dọ̀fóró wọn tán. Wọ́n ní kí n fi imú náà han àwọn. Mo fi hàn wọ́n. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di rọ́bà imú wọn mú kó má já.

Wọ́n ní, "Nísàlẹ̀ níbẹ̀ yẹn? Ṣé ọkọ̀ lo ní ni àbí ẹlẹ́dẹ̀?"

Mo ní ibẹ̀ ni atẹ́gùn tútù wà. Wọ́n ní ibẹ̀ náà ni omi wà. Òótọ́ ni pé inú odò la ń gbà kọjá láti ìgbà tí àgbàrá ti gbé afárá lọ lọ́dún tó kọjá. Orí pèpéle kọnkéré tó wà lábẹ́ omi ni taya ń tẹ̀. Àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ní àwọn ń bọ̀ wá tún un ṣe. Wọ́n ṣì ń bọ̀. Ṣùgbọ́n omi kì í dé bọ́ńpà àfi nígbà ìkún omi, ta ló sì ń jáde nígbà ìkún omi? Mo sọ bẹ́ẹ̀.

Wọ́n ní, "Denzil, ẹni tí kò rí èémí mí ni kó o bi léèrè ohun tí wọ́n ń fi imú ṣe. Gbé e sókè."

Mo ní mi ò gbé e.

Wọ́n ní, "Ká ní orí ẹ ni wọ́n fi ṣe òrùlé kùsà yẹn, ì bá má já."

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Ìbaaka gun òkè Pilgrim láìwúkọ́. Ohùn rẹ̀ ti ki, ó ń ró láti inú ikùn. Ká sọ òótọ́, ariwo rẹ̀ pọ̀ ju agbára tó fi kún un lọ, ṣùgbọ́n agbára náà wà. Màmá Àgbà fi ọwọ́ gbá dáṣíbọ́ọ̀dù bí ẹni ń gbá ẹran lẹ́yìn. Wọ́n kọrin dé ìlú.

Lẹ́yìn mi: Màmá Àgbà. Bàbá Estill. Ìbaaka.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Mo pàdé Coy lójú ọ̀nà. Kò wo ojú mi. Ó wo Imú.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Nọ́ọ̀sì pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní ọkàn Màmá Àgbà ti rẹ̀. Ó ní wọn ò gbọdọ̀ pa ọjọ́ ẹ̀rọ kankan jẹ. Omi tí kò bá rọ́nà jáde lára wọn, inú wọn ni yóò máa kún. Mo ní wọn ò ní pa ọjọ́ kankan jẹ. Mo sọ ọ́ bí ẹni búra.

Mo bẹ Màmá Àgbà kí a gba yàrá sí ìlú. Wọ́n ní àwọn kò lè sùn níbi tí àwọn kò ti gbọ́ ohùn odò.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

A lọ, a bọ̀. Òjò bẹ̀rẹ̀ bí a ṣe ń wọlé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlógún

Òjò.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlógún

Odò ti dé bọ́ńpà. Mo dá ọkọ̀ dúró létí rẹ̀.

Ẹ́ńjìnì kì í jẹ omi. Tó bá fà á símú, eegun inú rẹ̀ á kán, ó parí. Ká ní àpótí tó fọ́ yẹn ṣì wà lókè ni, ǹ bá ti kọjá. Mo mọ̀. Sípánà wà lábẹ́ ìjókòó mi. Mo lè tú u.

Màmá Àgbà ní, "Ṣé kò ní í kọjá ni?"

Mo ní odò á fà tó bá di ọ̀la. Mo yí ọkọ̀ padà.

Bàbá Estill wà ní ẹnu ọ̀nà wọn nígbà tí a ń padà kọjá. Wọ́n wo Imú, wọ́n wò mí. Nítorí ojú wọn yẹn ni mi ò ṣe fẹ́ tú u.

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́

Kò fà. Ó kún sí i. Ẹsẹ̀ Màmá Àgbà wú, bàtà kò wọ̀ ọ́ mọ́. Mo pe ọkọ̀ aláìsàn. Wọ́n ní àwọn kì í wọ odò, kí n gbé Màmá Àgbà wá bá àwọn lódìkejì. Hẹlikópítà kò lè wọ inú kùrukùru yìí. Mo pe nọ́ọ̀sì. Ó ní kí n wá ọ̀nà.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélógún

Mo gbé Màmá Àgbà sínú ọkọ̀. Wọn ò wúwo tó báyìí rí, omi ni. Wọ́n ń mí bí ẹni tó sáré.

Odò ti bo bọ́ńpà. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì nínú òjò, mo tú kílíìpù, mo fa páìpù ìsàlẹ̀ já, mo sọ ọ́ sínú koríko. Mo fi asẹ́ bọ ẹnu èyí tó kù lókè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì, mo yí àwo búrẹ́dì síwájú rẹ̀ kí fáànù má baà ta omi sí i. Kò gbà ju àsìkò tí ènìyàn fi ń mu ife kọfí kan lọ. Ohun tí mo kọ̀ láti ṣe lọ́jọ́rú nìyẹn.

Síbẹ̀ omi ti pọ̀ ju agbára Ìbaaka nìkan lọ. Yóò gbá a kúrò lórí pèpéle. Mo gbójú sókè, mo rí katakata Coy lódìkejì. Verna ló rí wa láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, òun ló pè é. Coy gbé ṣéènì wọ odò fúnra rẹ̀, omi mù ún dé àyà, ó so ó mọ́ abẹ́ bọ́ńpà. Mo ní, Coy, o ṣeun.

Ó ní, "Pa ẹnu ẹ mọ́, di sitẹ́ẹ̀rìn ẹ mú. Kì í ṣe ìwọ ni mò ń fà."

Màmá Àgbà yọ orí. Ohùn wọn kò jáde dáadáa. Wọ́n ní, "Coy, ìwọ ọmọ yìí, abọ́ mi tó o yá lọ ńkọ́?"

Coy ní, "Ẹ má bínú, Mà. Ó ti fọ́."

"Mo mọ̀ tẹ́lẹ̀."

A kọjá. Ẹ́ńjìnì kò wúkọ́ rárá. Coy tú ṣéènì rẹ̀, ó yí katakata padà, kò wẹ̀yìn. Ọkọ̀ aláìsàn ń dúró.

Mi ò mọ ibi tí màá kọ orúkọ Coy sí.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàlélógún

Dókítà ní omi tó wọ ẹ̀dọ̀fóró Màmá Àgbà ló pa wọ́n. Omi.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Mo wá páìpù inú koríko rí. Mo gbé Imú sókè, mo gba ẹ̀gbẹ́ gíláàsì iwájú gbé e kọjá, títí ẹnu rẹ̀ fi ga ju òrùlé ọkọ̀ lọ. Bàbá Estill bá mi di kílíìpù mú. Wọn ò dárúkọ ẹlẹ́dẹ̀. Mo fẹ́ kí wọ́n bú mi. Wọn ò bú mi.

Mo bi wọ́n bóyá ọjọ́rú tí mi ò kọjá odò yẹn ló pa Màmá Àgbà. Wọ́n ní, "Mú sípánà wá."

Lẹ́yìn mi: Bàbá Estill.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

A sin Màmá Àgbà lónìí.

Ibojì ìdílé wa wà lókè àfonífojì, ní ìhà odò tí ilé wa wà. Awakọ̀ ilé òkú dé ṣọ́ọ̀bù Verna, ó wo omi, ó ní òun kò wọ ọ́. Omi ṣì wà létí bọ́ńpà. A gbé pósí sẹ́yìn Ìbaaka, mo fi okùn dì í. Bàbá Estill jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ìgò wọn láàárín ẹsẹ̀. Mo rò pé àwa méjì náà ni.

Bí a ṣe yà ní igun ọ̀nà, àwọn ará àfonífojì ti wà nínú odò. Wọ́n tò sí apá ibi tí omi ń ṣàn lọ, níbi tí odò ti lè gbé pósí lọ, wọ́n fi ara wọn ṣe ọgbà. Kò sẹ́ni tó kí mi. Màmá Àgbà ni wọ́n wá sìn. Mo mọ̀.

Mo fi sí jíà. Imú ń fà lókè. Omi ń lu ilẹ̀kùn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n bí mo ṣe máa ń ka àwọn tó wà lẹ́yìn mi. Coy, okùn lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, mẹkáníìkì. Verna, ó wọ bàtà òjò ọkọ rẹ̀. Oníwàásù. Ọmọ ilé Sexton, tí ọ̀dà pupa kò tíì kúrò ní èékánná rẹ̀.

Láàárín odò, taya ẹ̀yìn yọ̀ lórí pèpéle. Pósí mì. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni gbogbo ọwọ́ balẹ̀ sára ọkọ̀, lẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́, lójú fèrèsé mi, ọwọ́ tútù, ọwọ́ ẹlẹ́rẹ̀, wọ́n ń tì í. Mi ò mọ ti ẹni yìí yàtọ̀ sí ti ẹni yẹn mọ́.

Mi ò kà mọ́.