Ẹ̀wù Òfì Tí Màmá Rán fún Láptọ́ọ̀pù Mi

Ẹ kú ilé o, Màmá mi, àti gbogbo ará ilé wa ní Ìsẹ́yìn. Ẹ kú iṣẹ́ ìránṣọ, ẹ sì kú àárò mi. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ kí n tó sọ tẹnu mi, nítorí ọ̀rọ̀ náà lè bí yín nínú díẹ̀. Sẹ̀kínà, àbúrò mi, má rẹ́rìn-ín o, kà á tán fún wọn ná.

Ara mi le. Ọyẹ́ ti dé sí Enugu, eruku pupa bo gbogbo Asata tí mò ń gbé, ètè mi sì ti là. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ nìkan ni mo máa ń rí ẹni bá sọ Yorùbá. Ìyókù ọ̀sẹ̀, Pijin ni. Nígbà mìíràn ó máa ń ṣe mí bíi kí n kàn pè yín kí ẹ bú mi.

Ẹ mọ̀ pé oṣù mẹ́fà ni iléeṣẹ́ wa fi ń dán mi wò. Ìròyìn iṣẹ́ tí mo máa kà fún àwọn ọ̀gá láàárọ̀ Jímọ̀ ni wọ́n fẹ́ fi mọ̀ bóyá wọ́n á gbà mí pátápátá tàbí kí n di ẹrù mi padà sílé. Inú láptọ́ọ̀pù ni gbogbo rẹ̀ wà. Ọjọ́ Ajé, mo tẹ páswọ́ọ̀dù, ó wọlé, kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún, ó gan. Kò sí bọ́tìnnì tó dáhùn. Mo pa á, mo tún tàn án, ó tún gan.

Mo pè yín, ẹ ní ayé ni. Ẹ ní kí n ka Fátíhà sí i, kí n sì ṣọ́ra fún ọ̀rẹ́ mi níbi iṣẹ́ tó máa ń yá a lò. Mo kà á. Mo tilẹ̀ ń wo ọ̀rẹ́ náà ní ìwòkuwò, ẹni tó ń ra okpa, mọ́ínmọ́ín àwọn ará ibí, fún mi láràárọ̀!

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo gbé e lọ bá Ikenna, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nítòsí wa. Mo kọ́kọ́ bọ́ ẹ̀wù òfì tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rán sí mi kúrò lára láptọ́ọ̀pù, kí ìdọ̀tí ṣọ́ọ̀bù má baà kàn án. Wákàtí méjì, kò gan. Ikenna wá fáírọ́ọ̀sì títí, kò rí nǹkan kan. Mo délé, mo wọ̀ ọ́ lẹ́wù, mo tàn án: ó gan. Lọ́jọ́rú, bákan náà. Ikenna ní òun ò rí láptọ́ọ̀pù tó ń bẹ̀rù ilé olówó rẹ̀ rí. Ó ní kí n gbé e wá lọ́jọ́ kejì gẹ́lẹ́ bí mo ṣe ń lò ó nílé.

Màmá, bó ṣe rí ẹ̀wù yẹn, ó yí láptọ́ọ̀pù dojú dé, ó fọwọ́ kàn án, ó sì yára fa ọwọ́ kúrò. Ó bi mí pé ta ló di í nímú. Abẹ́ ni ẹ̀rọ náà ti ń mí, ihò wáyà nìkan lẹ sì ṣí sílẹ̀ lára ẹ̀wù yín. Ooru ló ń mú un tó fi ń gan. A bọ́ ẹ̀wù, wàhálà tán.

Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé bí ikú ilé kò pani, tòde kò lè pani. Ọ̀tá tí ẹ ní kí n máa ṣọ́, abẹ́rẹ́ yín ló rán an! Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Àmọ́ nígbà tí mo ká ẹ̀wù náà sínú àpótí, ó dùn mí, torí mo mọ bí ojú ṣe máa ń ro yín tí ẹ bá ń rán òfì. Sẹ̀kínà ní ẹ ti rán irú rẹ̀ fún àwọn tíṣà rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè kìlọ̀ fún wọn.

Láàárọ̀ Jímọ̀, láptọ́ọ̀pù ò gan, èmi gan-an ni mo fẹ́ẹ̀ gan. Wọ́n ti gbà mí o, Màmá!

Mo mọ̀ pé àdúrà méjì lẹ ń gbà fún mi: kí iṣẹ́ náà bọ́ sí mi lọ́wọ́, kí n sì padà wá gbé nítòsí yín. Ọ̀kan ti gbà. Nítorí èkejì ni mo ṣe kọ̀wé dípò kí n pè, torí mi ò lè máa gbọ́ ohùn yín kí n sì ní mi ò tíì ń bọ̀.

Kí Ọlọ́run fi àlùbáríkà sọ́wọ́ yín, kó dá ẹ̀mí yín sí títí n ó fi wá mú yín wá wo yàrá mi. Ẹ bá mi kí Bàbá Àgbà, ẹ kí àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ yín.

Èmi ni ọmọ yín tó ṣì wà l'Énugu,
Ràṣídì